Bí Mo Ṣe Fi Kóòmù Irin Jẹun Láti Ọ̀yọ́ Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun: ṣé kí òun kọ́ṣẹ́ irun ni àbí kí òun kọ́ aṣọ rírán? Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, mi ò sì tíì rí ìdáhùn kan tí mo lè fún un. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n sọ bó ṣe rí fún èmi, kí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ohun tó bá wúlò níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀. Àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún mi kì í ṣẹ́ po mọ́ láàárọ̀ àfi tí mo bá kì wọ́n bọ omi gbígbóná. Ojú mi ti mu èéfín yó. Ẹ̀yìn mi kò gba ìdúró mọ́. Ohun tí iṣẹ́ náà ṣe sí mi lára nìyẹn, kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná.

Abúlé kan lẹ́bàá Ìrẹsà ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ìgbà tí ọdún 1950 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Ọ̀yọ́ wá kí wa, ó sọ pé obìnrin kan wà ládùúgbò òun tó ń fi iná na irun, tí irun á máa dán, tí á máa rọ̀ bí òwú. Ìyá mi rò pé ó ń purọ́ ni. Bàbá mi ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n mú mi lọ. Báyìí ni mo ṣe dé Ọ̀yọ́.

Ìyá Kùmásì ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀gá mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣòwò ní Kùmásì, ní Góòlù Kóòsì, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ obìnrin kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó àwọn kóòmù irin rẹ̀ àti àdògán eléèédú kan, ó padà wálé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin gíga ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí ènìyàn.

Mo rò pé ọjọ́ tí mo dé ni yóò fi kóòmù lé mi lọ́wọ́. Èédú ló fi lé mi lọ́wọ́. Mo ń ṣa èédú, mo ń fẹ́ èédú, mo ń kọ́ èyí tó ń ta pàrà àti èyí tó ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní bébà. Tí kóòmù bá kúrò lórí iná, a ó kọ́kọ́ fi tẹ bébà funfun. Tí bébà bá yí àwọ̀ pẹ́nrẹ́n, kóòmù náà kò gbọdọ̀ dé orí ẹnikẹ́ni.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lo rí?"

"Bébà ni, mà."

"Àwọ̀ wo ló ní?"

"Ó pọ́n díẹ̀, mà. Díẹ̀ báyìí."

"Ṣé iṣu lo fẹ́ sun ni? Jẹ́ kó tutù."

Ó lè dá mi padà bẹ́ẹ̀ títí gbogbo àárọ̀ á fi lọ. Ìgbà tó tó àkókò tí n ó fi ọwọ́ kan irun ènìyàn, èmi fúnra mi ló kọ́kọ́ mú jókòó. Ó na irun mi láti iwájú dé ìpàkọ́, ó sì mú kóòmù náà sún mọ́ etí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pa ojú mi dé. Ó ní, "Bí ẹ̀rù ṣe bà ọ́ yìí ló máa ba gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ. Má gbàgbé."

Kì í ṣe iná nìkan ló kọ́ mi. Àwọn obìnrin mìíràn máa ń wá tí agbára wọn kò ká nínà oníná, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Fún ìwọ̀nyí, ó ní kí wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ irun, kí wọ́n fi òrí àti òróró àgbọn pa á nígbà tó bá ṣì tutù, kí wọ́n fi òwú dúdú kó o ní kíkó tó fún dáadáa, kí wọ́n sùn mọ́ ọn. Tí wọ́n bá tú u láàárọ̀, irun tó ta kókó tẹ́lẹ̀ á ti nà, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí wọn ò bá jẹ́ kí òógùn tàbí ooru ìkòkò ọbẹ̀ bà á jẹ́. Ó ní kí wọ́n máa fi ìborí tó ń yọ̀ wé e tí wọ́n bá fẹ́ sùn, kó má baà fi ara gbo ẹní. Ó máa ń sọ gbogbo èyí fún wọn láìgba nǹkan kan.

Ọmọ iṣẹ́ kan ṣáájú mi níbẹ̀, Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Àǹtí ni mo ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn. Bí Ìyá Kùmásì bá ti ń ṣàlàyé òwú àti òrí fún àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, á rọra sọ sí mi létí pé, "Ìyá ń kọ́ wọn bí wọn ò ṣe ní padà wá." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Kò ní ìwà ìkà kankan lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́. Nígbà tí ibà ń ṣe mí ní Ọ̀yọ́, òun ló ń fún mi lóúnjẹ. Ó kàn ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan yára ni.

Kò dúró kí ọ̀gá wa dá a sílẹ̀. Wọ́n jọ ní gbólóhùn asọ̀ kan nítorí obìnrin kan tó fẹ́ kí wọ́n tètè ṣe òun, Àyọ̀ká sì kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Kùmásì kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí èmi náà gbòmìnira, tí mo ní ọ̀dọ̀ Àyọ̀ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ lọ torí ó sún mọ́ ilé wa, ó kàn ń wo iwájú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bá a ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dáa ju tìrẹ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ń kánjú, ìwọ má bá a kánjú."

Ṣọ́ọ̀bù pákó ni tiwa ní Takie. Àwọn tísà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ìyàwó akọ̀wé ló ń wá, pàápàá tí Sátidé bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ìgbéyàwó tàbí fọ́tò yíyà wà. Ìdúró láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ni, iná níwájú, oòrùn lẹ́yìn. Ẹ ó na irun ẹnì kan fún wákàtí gbọọrọ, òjò á pàdé rẹ̀ lọ́nà ilé, gbogbo rẹ̀ á ká padà bí ẹni pé ẹ ò fọwọ́ kàn án. Á wá bá yín lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìbínú, ẹ ó sì bẹ̀ ẹ́. Mo sọ èyí fún ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ìjókòó ni.

Nínú ọyẹ́ ọdún kan ni ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, ó ń ta ìpara inú agolo tí kò ní ìwé kankan lára. Ó ní kò ní iná nínú, kò ní wàhálà: ẹ pa á sórí, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, irun á nà gbọọrọ, òjò ò sì ní lè ká a mọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀.

"Àǹtí, ó ń rùn bí sóódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ."

"Gbogbo oògùn ló ń rùn, Àbẹ̀kẹ́."

Àyọ̀ká rà á, ó dán an wò ní ìpàkọ́ ara rẹ̀, ó fi díẹ̀ pa á, ó sì tètè fọ̀ ọ́. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, irun náà sùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi náà fọwọ́ kàn án. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó kiri nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní a ti bọ́ lọ́wọ́ èédú.

Tísà Fọlákẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé kan nílùú náà. Ọjọ́rú ló wá sọ́dọ̀ wa, Sátidé ni ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù kóòmù gbígbóná ti máa ń bà á láti ilẹ̀, á di ọwọ́ àga mú, á máa mí gúlegúle. Àyọ̀ká sọ fún un pé ohun tuntun ti dé tí kò ní iná rárá. Tísà bi í pé ṣé ó dájú? Àyọ̀ká tẹ orí ba, ó fi ìpàkọ́ tirẹ̀ hàn án. Èmi ń fi òwú kó irun obìnrin mìíràn lọ́wọ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi kóòmù ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ni." Ó ní kí n ṣe iṣẹ́ iwájú mi.

Ó pa ìpara náà sí gbogbo orí rẹ̀. Kò pẹ́ tí Tísà fi sọ pé, "Ó ń ta mí."

"Ẹ fara dà á díẹ̀, Tísà. Ó ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ó ń ta mí gan-an."

"Ó kù díẹ̀."

Ṣàdédé ló fò sókè lórí àga. "Ó ń jó mi! Orí mi ń jó! Ẹ gbà mí!"

Mo sáré síbi ìkòkò omi wa. Inú ọyẹ́ ni, kànga ti gbẹ, ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan ló ní omi tí kò kún igbá. Àyọ̀ká dà á sí i lórí, ìpara náà sì tún ń ṣàn wá sí iwájú orí, ó ń bọ̀ wá sójú. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń ṣe ògì tà, àwọn ìkòkò rẹ̀ kún fún omidùn. Kò sí omi mìíràn nítòsí. Mo di Tísà lọ́wọ́ mú, mo fà á lọ síbẹ̀, èmi àti obìnrin náà sì tẹ orí rẹ̀ bọ inú omidùn kíkan náà, a ń bù ú, a ń dà á, títí ìkòkò fi ṣófo. Irun ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ìdì ìdì.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní bí ìpara náà bá pẹ́ sí i lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè fọ́ ojú rẹ̀. Ojú ríran. Ṣùgbọ́n láti iwájú orí dé àárín, awọ ti bó.

Ìgbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, Àyọ̀ká ṣì dúró síbi tí mo fi í sí, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ọwọ́ náà ti wú. Mo bá a fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn kóòmù wà lórí tábìlì. Wọ́n ní wọ́n rí i tó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn.

Ìyá ìyàwó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ìwọ ni ẹ̀kejì rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ni kí ọmọ mi gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó ní àwọn ará ilé ọkọ ti ń sọ pé kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú, pé irú nǹkan báyìí kò dáa níwájú ayọ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sísún síwájú. Èmi náà mọ̀ ọ́n: kò ní wáyé mọ́ ni.

Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ni mo wọ̀. Mo bá Ìyá Kùmásì níbi oúnjẹ, mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ mú ìborùn rẹ̀. Nínú lọ́rì, ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé ojú ríran?"

"Ó ríran, mà."

Nígbà tí a dé ilé ìyàwó, obìnrin yìí tó dàgbà ju ìyá ìyàwó lọ fíìfíì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá. Ìyá ìyàwó ń fà á lápá.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jù mí lọ o. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"Ilé mi ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín."

Kò dìde títí ìyá ìyàwó fi bú sẹ́kún, tó sì fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú wa wọ yàrá. Tísà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi aṣọ funfun di orí rẹ̀.

Ìyá Kùmásì ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ ká ṣe?"

Ó ní, "Mo fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, mà."

A kò dá iná kankan. Ọ̀gá mi fi sísọ́ọ̀sì gé irun tó kù mọ́lẹ̀ kó má baà máa fa ojú egbò. Ó rán fìlà pẹlẹbẹ kan láti ara aṣọ òwú tó rọ̀, ó rán ìbòjú ìyàwó mọ́ fìlà náà kó má baà fi ara kan orí. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni ọkọ ìyàwó dé. Akọ̀wé ni, ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó ní òun fẹ́ rí i. Ìyá ìyàwó ní kó má wọlé. Tísà ní kó wọlé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ náà. Ọkùnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí."

Ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sísún síwájú mọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n Tísà kò gbà kí wọ́n ya fọ́tò kankan.

Kò sẹ́ni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa mọ́ lẹ́yìn náà. Ìyá Kùmásì kò padà sí Ọ̀yọ́ kíákíá. Ó gbé àga síta gbangba, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ kí àwọn ènìyàn lè rí i pé ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ wà níbẹ̀. Ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń padà. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí Tísà máa wá ẹni tó máa tọ́jú irun rẹ̀ kiri, kí n máa lọ bá a nílé. Mo ń lọ. Òrí ni mo fi ń pa á, òwú ni mo fi ń kó èyí tó bá hù. Irun náà padà hù nípọn, àfi ojú kan níwájú orí, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tó wà ní dídán. Kò hù mọ́ láéláé.

Nítorí ojú kan yẹn ni mo ṣe ń na irun Tísà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Tí irun àárín bá nà dáadáa, a lè dà á síwájú, á bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá ká kò, ojú náà á yọ síta níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Nígbà tí egbò ti jinná tán, ó ní òun á máa wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó di ọwọ́ àga mú bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń mí gúlegúle bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ń ṣe é. Báyìí la ṣe ń bá a lọ fún ọdún bíi mélòó kan, títí èmi náà fi lọ́kọ, tí mo sì bí Dúpẹ́ ọmọ mi.

Ó kù díẹ̀ kí Nàìjíríà gbòmìnira ni Àyọ̀ká dé láti Kùmásì, níbi tó ti Ìbàdàn kọjá lọ. Ó ti rù. Kò ní ọkọ, kò ní ọmọ. Ó kúnlẹ̀ fún èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ èyíkéyìí ni òun fẹ́, àfi kí n má fi orí àgbàlagbà lé òun lọ́wọ́. Mo ní kó máa fọ irun àwọn ọmọdé, kó máa fi òwú kó o fún wọn. Mo sọ fún un pé Tísà ń wá ní Sátidé, kó máa sinmi nílé lọ́jọ́ náà.

Tísà wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nítorí ìpàdé kan tó bọ́ sí Sátidé. Mo ti na ìdajì irun rẹ̀ nígbà tí Àyọ̀ká ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ń bá ọmọ kan ṣeré. "Tẹ orí ba, ọkọ mi, ó kù díẹ̀."

Tísà kò yíjú padà. Ó rọra dìde, ó mú gèlè rẹ̀, ó wé e lé irun tí mo ṣe dé àárín, ó jáde. Àyọ̀ká dúró gan-an síbi tó wà.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá Tísà nílé láti bẹ̀ ẹ́. Ó fún mi lómi mu.

"Ìyá Dúpẹ́, kì í ṣe ìbínú. Mo ti dárí jì í tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbóhùn rẹ̀ yẹn, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi. Ó ń jó mi gan-an ni. Mi ò lè jókòó síbi tó bá wà."

Mo sọ ọ́ fún Àyọ̀ká bí ó ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Ó dáa."

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni mo ti ń gbé iṣẹ́ lọ sílé Tísà. Àyọ̀ká ló ń di ẹrù náà fún mi. Á nu àwọn kóòmù títí wọ́n á fi mọ́ kedere, á fi aṣọ tó mọ́ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, á bu òrí sínú ike kékeré, á ká bébà funfun sí i, á di gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n. Kò bi mí rí pé báwo ni Tísà ṣe wà. Tísà náà kò bi mí rí pé ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ayé ń yí padà. A fi èédú sílẹ̀, a mú sítóòfù kẹrosíìnì. Lẹ́yìn náà ni kóòmù oníná mànàmáná dé, tí iná á lọ nígbà tí ẹ bá ṣe irun dé àárín. Lẹ́yìn náà ni ìpara inú ike dé láti òkè òkun, tó ní ìwé àlàyé lára, tí àwọn ọmọge sì ń bèèrè fún un. Mo kọ́ ọ torí kò sí ohun tí mo lè ṣe. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́, mo máa ń gbé omi púpọ̀ sítòsí, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ títí mo fi máa fọ̀ ọ́ kúrò tán. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, ọkàn mi kò balẹ̀ rí. Tísà kò gbà á láyè rí. Kóòmù àti òrí la fi dàgbà.

Àyọ̀ká ṣàìsàn, ó sì kú ní ilé mi. A sin ín. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo di ẹrù fúnra mi, mo lọ sílé Tísà. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, orí rẹ̀ ti funfun. Mo gbé agbọ̀n kalẹ̀, mo ń kó nǹkan jáde. Àwọn kóòmù ń kan ara wọn gbàgàgbàgà, wọ́n ti kun òrí, mo sì gbàgbé bébà sílé.

Tísà tẹjú mọ́ inú agbọ̀n náà.

"Òun ló máa ń dì í, àbí?"

"Òun ni."

Tísà mú aṣọ kan láti orí ìjókòó, ó mú kóòmù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe é. Ó ní kí n lọ jókòó, pé ó ti rẹ̀ mí. A ò ṣe irun lọ́jọ́ náà.